Pilot Sport 4S àbí SportContact 7? Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àjàṣẹ́ yẹ kó mọ̀ kó tó ra táyà eré

Ẹni tó gbé mọ́tò rẹ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Igolo wọ ilẹ̀ Benin, tó fẹ́ fìdí kalẹ̀ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu tàbí Ṣábẹ, yóò tètè rí i pé èdè táyà ti yí padà. Táyà tòkunbọ̀ ti di okasíọ̀n. Fọkanáísà ti di vulcanisateur. Kí wọ́n to ẹsẹ̀ mọ́tò kó gún régé, parallélisme lẹ máa béèrè. Kí wọ́n lẹ òjé mọ́ rìímù kí ọwọ́ ìdarí má baà máa gbọ̀n, équilibrage nìyẹn. Òǹkà afẹ́fẹ́ pàápàá yàtọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní 32, ọmọ iṣẹ́ á kàn máa wò yín ni. Kíló ni wọ́n fi ń kà á níbí, báà sì ni wọ́n ń pè ní kíló. PSI 32 jẹ́ báà 2.2, ẹ wí pé deux kilos deux. PSI 35 jẹ́ 2.4, 38 jẹ́ 2.6.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí mọ́tò wọn ń wọ táyà eré, irú èyí tó fẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kúrú. A mú méjì tí ìpele wọn súnmọ́ ara wọn: Michelin Pilot Sport 4S (PS4S ni a ó máa pè é), tó jáde ní 2017, àti Continental SportContact 7, tó jáde ní 2021. Ti Faransé ni Michelin, ti Jámánì ni Continental. Kò sí táyà burúkú nínú àwọn méjèèjì. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni kí èèyàn rà á láì wo ọ̀nà tó fẹ́ gbé e gbà, tàbí kó ra èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ nítorí orúkọ tó wà lára rẹ̀.

Táyà ìgbà ooru, níbi tí òtútù kò sí

Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní táyà ìgbà ooru ní Yúróòpù. Ìdí ni pé rọ́bà wọn máa ń le bí ojú ọjọ́ bá ti bọ́ sí nǹkan bíi díígírì 7, táyà á sì máa yọ̀ lórí títì. Wọ́n ní táyà mìíràn fún ìgbà òtútù, tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ kó má baà gan nínú yìnyín. Ní Benin, ọyẹ́ tó le jù kì í mú títì tutù tó bẹ́ẹ̀. Táyà ìgbà ooru ni táyà tọdún-tọdún fún wa.

Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ nìyí. Nínú òkìtì okasíọ̀n tó ń wọlé láti Yúróòpù, táyà ìgbà òtútù máa ń wà láàárín wọn, ó sì máa ń wu ojú, torí ilà rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Ẹni tó ń tà á á fi ìka kàn án pé, “Ẹ wò ó, bíi tuntun ni.” Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ègé yìnyín wà nínú rẹ̀, táyà òtútù ni, tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo ìgbà. Lẹ́tà M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) náà yẹ kó mú yín fura. Ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú: ilà wẹ́wẹ́ á kún ara bíríkì rọ́bà kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ sín in ní gbẹ́rẹ́. Lórí ọ̀dà tó gbóná, àwọn bíríkì wọ̀nyẹn á máa mì lábẹ́ mọ́tò, táyà á tètè jẹ, mọ́tò á sì rìn jìnnà sí i kó tó dúró nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Bó ti wù kó jinlẹ̀ tó, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì

Michelin pín ojú PS4S sí méjì. Apá òde, tí ìwúwo mọ́tò ń bọ́ sórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yà ní kọ́nà, ní rọ́bà tirẹ̀ tó wà fún ilẹ̀ gbígbẹ. Apá inú ní rọ́bà mìíràn tí sílíkà wà nínú rẹ̀ fún ilẹ̀ tútù. Lábẹ́ rọ́bà yìí, okùn aramid àti nylon tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló di ojú táyà mú kó má baà wú nígbà eré. Continental gba ọ̀nà mìíràn. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní BlackChili ni wọ́n lò, wọ́n sì ń yí bí wọ́n ṣe kọ́ táyà náà padà gẹ́gẹ́ bí irú mọ́tò tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá ń bá lọ: èyí tó wà fún mọ́tò kékeré kò rí bákan náà ní inú pẹ̀lú ti mọ́tò eré ńlá.

Nínú omi, SportContact 7 la máa mú. Ẹni tó ń lọ Kútọnu tó ń bọ̀ Àjàṣẹ́ lójoojúmọ́, láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù keje, tí òjò ńlá ń rọ̀, lẹ́yìn náà òjò kékeré ti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, bíréèkì nínú omi ló yẹ kó fowó rà, kì í ṣe eré. Lẹ́tà Y tó wà lára àwọn táyà yìí túmọ̀ sí kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Kò sí ibi tí ẹ ti máa sá a láàárín Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ, ẹ má sì dán an wò.

Ní ti pípẹ́, PS4S ló wà níwájú. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Treadwear lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 300 ló wọ́pọ̀ lára PS4S, 240 lára SportContact 7. Ẹ má ka nọ́ńbà yìí sí kìlómítà, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọn tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi hàn pé rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú gírígírí ní ohun tó ń san fún un, ọ̀dà wa tó ń gbóná láti àárọ̀ sì ń gba owó náà kíákíá. Awakọ̀ tó ń rìn púpọ̀, tó sì máa ń dẹ eré lójú òjò, PS4S á ṣe é lóore ju èkejì lọ.

Àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ kò bá lè kọjá kí ẹ má kúrò lórí ọ̀dà wọ ilẹ̀ pupa àwọn abúlé tó yí Kétu àti Ṣábẹ ká, ìdáhùn wa ni pé kí ẹ má ra ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà 225/40 R18, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ní mìlímítà 90 péré, ìyẹn ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀. 225/45 R17 ní 101. 205/55 R16 ní 113. Gíga gbogbo táyà láti ìsàlẹ̀ dókè fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀: mìlímítà 637, 634, 632. Nítorí náà, mọ́tò tí wọ́n fún láyè láti wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bọ́ rìímù 18 sílẹ̀ kó wọ 16, kíkà kìlómítà kò sì ní yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ni bóyá bíréèkì iwájú á gba rìímù kékeré náà. Ẹ gbé rìímù ọ̀hún sórí rẹ̀ láìsí táyà, kí ẹ fi ọwọ́ yí i po.

Ìdí tí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú fi ń kú ni pé bí táyà bá kọ lu etí kòtò, tàbí etí pàfé (òkúta tí wọ́n tò sójú títì) tó ti rì, rìímù á tẹ ẹ̀gbẹ́ náà mọ́ ilẹ̀, okùn inú á já. Rọ́bà òde lè má fi nǹkan kan hàn lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ á wú bí ẹyin. Hernie ni wọ́n ń pè é níbí. Kò sí àtúnṣe fún un, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á lẹ̀ ẹ́ ń fi ẹ̀mí yín ṣeré.

Ohun tí ẹ ó kà lára táyà

Nínú 225/40 R18 92Y XL, 92 ni ẹrù tí táyà kan lè gbé: kíló 630. 91 jẹ́ 615, 94 jẹ́ 670, 95 jẹ́ 690. Ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀ sí ohun tó kéré ju èyí tó wà nínú ìwé mọ́tò yín. XL ni pé wọ́n fi kún agbára rẹ̀, ó dáa fún ọ̀nà wa. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà ni: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Nọ́ńbà yìí lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọjú ẹ̀gbẹ́ kejì sí oníbàárà. Táyà tó ti pé ọdún 5, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Tó bá pé 10, kó lọ, ìbáà jẹ́ pé ilà rẹ̀ ṣì dúró. Fún okasíọ̀n eré, àwa kì í kọjá ọdún 4.

Àwọn àmì kan wà tó máa ń da èèyàn rú. Ìràwọ̀ ni ti BMW, MO ti Mercedes, AO ti Audi, N0 ti Porsche: ilé iṣẹ́ mọ́tò náà ló ní kí wọ́n ṣe é báyẹn. Ẹ lè lò ó lórí mọ́tò mìíràn tí ìwọ̀n àti ẹrù bá bára mu, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ èyí tí kò ní àmì lórí ẹsẹ̀ iwájú kan náà tàbí ẹ̀yìn kan náà. ZP lára Michelin àti SSR lára Continental ni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le tó láti rìn láìsí afẹ́fẹ́, kìlómítà 80 ní eré 80. Ó le bí igi lórí pàfé. Bí ẹ bá rí kànrìnkàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú táyà, ariwo ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gé kànrìnkàn kúrò lójú ihò náà kọ́kọ́.

Níwájú ẹni tó ń tà á

Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì ní kó bọ́ táyà kúrò lórí rìímù kí ẹ tó dúnàádúrà. Inú ló ń sọ òótọ́. Bí rọ́bà inú bá ti họ yí po bí òrùka, tí ìyẹ̀fun dúdú sì wà níbẹ̀, wọ́n ti wà á láìsí afẹ́fẹ́ tó tó. Okùn rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ kó ṣí, kí ẹ wo bóyá ó ti sán. Tí ojú ilà bá mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi abẹ gbóná gbẹ́ ẹ. Àwọn òkìtì kékeré TWI tó wà nínú ilà, tó ń fi bí táyà ṣe jẹ tó hàn, mìlímítà 1.6 ni gíga wọn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sọnù. Nínú òjò, 1.6 ti pẹ́ jù. Mìlímítà 3 ni Continental fúnra wọn ní kí èèyàn ti pààrọ̀ táyà ìgbà ooru.

Bí tuntun lẹ bá rà ní ìsọ̀, ẹ béèrè facture normalisée, ìyẹn risíìtì tó ní àmì QR, TVA (owó orí ọjà) ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún á sì hàn nínú rẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, ó ṣòro láti dá táyà tó ní àbùkù padà. Ẹni tó bá ń wo iye rẹ̀ ní Yúróòpù kó tó ra, yúrò kan jẹ́ fráǹkì 655.957, kì í yẹ̀.

Wíwọ̀ ọ́ àti títọ́jú rẹ̀

Àwọn méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ òde àti ẹ̀gbẹ́ inú. Ibi tí wọ́n kọ OUTSIDE sí gbọ́dọ̀ kọjú síta ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọmọ iṣẹ́ bá yí PS4S padà sínú, rọ́bà ilẹ̀ gbígbẹ á wà níbi tí kò yẹ kó wà, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi lójú kọ́nà. Bí méjì péré lẹ rà, ẹ̀yìn ni kí tuntun wà, kódà bí iwájú ló ń fa mọ́tò: bí iwájú bá yọ̀, ẹ lè dẹ eré, bí ẹ̀yìn bá yọ̀, mọ́tò á yí po. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ de bóòtù parí. Kọ́kọ́rọ́ tó ń wọn agbára ni kí wọ́n fi parí rẹ̀, iye rẹ̀ wà nínú ìwé mọ́tò. Lẹ́yìn kìlómítà 50, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀, kí mọ́tò tó rìn. Nǹkan bíi báà 0.1 ló ń fi gòkè fún díígírì 10 tí táyà bá fi gbóná sí i, torí náà ẹni tí 2.4 tọ́ sí mọ́tò rẹ̀, tó yọ afẹ́fẹ́ padà sí 2.4 lọ́sàn-án nítorí pé ó rí 2.6, ti pa táyà rẹ̀ lára. Lọ́jọ́ kejì, 2.2 ló máa bá níbẹ̀. Ìṣó tó gún ojú táyà, tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ, ẹ ní kí wọ́n bọ́ táyà kí wọ́n fi champignon, rọ́bà tó rí bí olú, lẹ̀ ẹ́ láti inú. Mèche tí wọ́n ń ti bọ̀ ọ́ láti òde, kí ẹ fi dé ilé ni. Ẹ má gbà kí wọ́n ki chambre à air (túùbù) sínú táyà eré. Ooru á bẹ́ ẹ.

Tí ANaTT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà orí ilẹ̀, bá ti fún yín ní nọ́ńbà Benin, visite technique (àyẹ̀wò mọ́tò) á kàn yín, ojú táyà sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ pààrọ̀ èyí tó ti jẹ kí ẹ tó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lọ sílé ní Nàìjíríà, táyà okasíọ̀n wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀ fòfin dè láti kó wọlé. Ẹ má kó mẹ́rin sẹ́yìn mọ́tò lọ fún ẹ̀gbọ́n yín ní Ọ̀tà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó ní Àjàṣẹ́.