Bí Olórí Tuntun Ṣe Lè Mú Ọ̀nà Tuntun Wọ Yunifásítì Kátólíìkì

Kí olórí tuntun tó dá ohunkóhun sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fara balẹ̀ ka Ex Corde Ecclesiae, ìwé àṣẹ lórí àwọn yunifásítì Kátólíìkì, tí Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 1990. Ibẹ̀ ni yóò ti rí i pé òmìnira ìwádìí àti ìgbàgbọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, àti pé kò yẹ kí àwọn olùkọ́ tí kì í ṣe Kátólíìkì pọ̀ ju àwọn tó jẹ́ Kátólíìkì lọ.

Lẹ́yìn náà, kí ó lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí ó máa wò. Bí olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bá ń ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń yan ẹni tí báńkì yóò yá lówó, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì béèrè bóyá ẹ̀rọ náà kò ní fi ìyà jẹ òtòṣì, ìbéèrè yẹn gan-an ni kí ó dì mú. Kí ó pe olùkọ́ náà àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, kí àwọn méjèèjì jọ kọ́ kíláàsì kan ṣoṣo fún sáà kan, kí máàkì rẹ̀ sì wọ inú èsì ìdánwò bíi ti àwọn yòókù, nítorí ohun tí kò bá ní máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà á sí.

Owó ńkọ́? Ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, ọ̀fíìsì ńlá lè dúró dìgbà mìíràn. Bí sáà bá parí, kí ó gbọ́ tẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó má sì tijú láti fagi lé kíláàsì tí kò bá yọrí sí rere.