Títọ́jú igi fiddle leaf nínú pálọ̀ ní Ìbàdàn

Igi eléwé fífẹ̀ tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìbàdàn ń pè ní fiddle leaf, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Ficus lyrata, kì í ṣe àlejò láti òkè òkun gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Sierra Leone dé Kamẹrúùnù, ni orírun rẹ̀, ẹbí kan náà sì ni òun àti igi ọ̀pọ̀tọ́ àti ọdán. Ewé rẹ̀ fẹ̀ lókè, ó fún ní àárín bí ara jìtá, ó sì lè gùn tó 45 sẹ̀ǹtímítà.

Àpọ̀jù omi ló sábà máa ń pa á. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà sí pálọ̀ mi ní Bódìjà, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí kò ní ihò nídìí ni mo gbìn ín sí, àràárọ̀ ni mo sì ń bu omi sí i, títí ewé ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tí wọ́n ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹ̀fọ́ tó ti rà. Nítorí náà, ẹ lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí ohunkóhun tí ẹ bá máa lò. Bí ẹ bá bu abọ́ iyẹ̀pẹ̀ dúdú méjì, ẹ fi abọ́ yanrìn odò kan àti ìdajì abọ́ ìgbẹ́ adìẹ kún un. Kí ìgbẹ́ náà ti jẹrà pátápátá, torí pé tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò.

Kí ẹ tó bomi rin ín, ẹ ki ìka ìfábẹ̀lá bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìka yín, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ rọra bu omi sí i títí yóò fi máa kán láti ìdí, kí ẹ sì da èyí tó bá dúró sínú àwo abẹ́ rẹ̀ nù. Ní àkókò òjò, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó béèrè omi. Nígbà ọyẹ́, ó lè má pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló bá a lára mu jù, níbi tí oòrùn àárọ̀ yóò ti kàn án. Ẹ má ṣe máa gbé e káàkiri nítorí pé àlejò ń bọ̀, torí ewé rẹ̀ a máa já bọ́ bí ẹ bá ń yí i nípò. Ẹ kàn máa yí ìkòkò rẹ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọyẹ́ ló gba iṣẹ́ jù. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, eruku a máa bo ewé débi pé bí ẹ bá fi ìka fà á, ìlà yóò hàn, ewé tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ kò lè gba ìmọ́lẹ̀ tó. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ewé láti abẹ́, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ ti rẹ sínú omi nù ún láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò pẹ̀lú: bí ẹ bá rí okùn tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn, tàbí nǹkan funfun bí òwú, kòkòrò ti dé, ẹ fi omi ọṣẹ nù ún, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Bí gbòǹgbò bá ti ń yọ láti inú ihò, ẹ tún un gbìn sínú ìkòkò tó fi ínṣì méjì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Oje funfun tó máa ń sun jáde bí ẹ bá gé ẹ̀ka lè mú ara yún, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ewé rẹ̀ sẹ́nu.