Ẹ Lọ Wo Ọkọ̀ Hybrid Tuntun Kó Tó Jáde, Kí Lẹ Wò? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ hybrid, ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì epo àti ẹ̀rọ iná pọ̀, ni mò ń ṣe jẹun. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣí aṣọ lójú ọkọ̀ tuntun kan kó tó dé ọjà, àwọn ojúlùmọ̀ mi a ní kí n ká lọ, kí n bá àwọn wò ó. Mo máa ń lọ. Ìbínú ni mo sì máa ń gbé bọ̀ wálé. Ẹni tó ti ń ṣẹ́ owó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ á dé iwájú ọkọ̀, á ya fọ́tò, á di sítíárìn mú, á ní "Ó dáa o!", ká tó ṣẹ́jú, ó ti sanwó. Kí ló wò? Kò wo nǹkan kan. N ò ní máa ṣàlàyé bí hybrid ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ kà nípa rẹ̀ ná kó tó padà wá.

1. Ẹ má rò pé ọkọ̀ tí ẹ rí lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa kó fún yín. Èyí tó wà lórí pèpéle lè jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ́ fún àfihàn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ní ṣí. Ó lè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èyí tí wọ́n máa tà. Ẹ wo Prius, ọkọ̀ hybrid kan. Ọdún 1995 ni Toyota gbé àwòṣe rẹ̀ wá síbi àfihàn ọkọ̀ ní Tokyo, kapasítọ̀, kì í ṣe bátìrì, ló sì ń tọ́jú iná inú rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ọjà ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, bátìrì nickel-metal hydride ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín rèé: "Ṣé irú èyí gan-an lẹ máa tà, àbí ẹ ṣì ń dán an wò?" Tí wọ́n bá ṣì ń dán an wò, ẹ má tìtorí àlàfo etí ilẹ̀kùn bú u, ẹ má sì tìtorí awọ àga yìn ín.

2. Ẹ má ro agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ iná. Prius ọdún 2023 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, èyí tó ń fi táyà iwájú nìkan wọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní 150 horsepower, ẹ̀rọ iná rẹ̀ ní 111. Ẹni tó bá rò ó pọ̀ á ní 261. Irọ́ ni, 194 ni. Àwọn méjèèjì kì í dé góńgó agbára wọn lásìkò kan náà, ìwọ̀nba iná tí bátìrì bá sì lè tú jáde ni ẹ̀rọ iná máa rí lò.

3. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: iná ńlá ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án.

4. Síkíríìnì. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ síkíríìnì!

Kò sí ibi àfihàn tí mo dé tí èrò kì í pé lé síkíríìnì inú ọkọ̀ lórí. Wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fà á sókè sódò, wọ́n á so fóònù mọ́ ọn. Gbogbo ohun tó wà nínú síkíríìnì yẹn, ẹ máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì. Ohun tí ẹ ò lè rí níbòmíì wà nísàlẹ̀, lápá ẹ̀yìn ọkọ̀, ibẹ̀ sì máa ń dá páro. Èmi nìkan ni mo máa ń kúnlẹ̀ síbẹ̀, tí orúnkún mi á máa dún pàkà-pàkà, táwọn ọmọ tó ń pín omi á máa bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ ń wá? Ṣé nǹkan yín jábọ́ ni?"

Bátìrì ńlá ni mò ń wá. Nínú ọ̀pọ̀ hybrid, abẹ́ àga ẹ̀yìn tàbí abẹ́ ilẹ̀ bóòtù ló ń gbé, atẹ́gùn inú ọkọ̀ ni fáànù rẹ̀ sì ń fà láti fi tù ú. Ihò tó ń gbà fà á máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi ike tó lu jára bò ó. Ẹ fọwọ́ yín síwájú rẹ̀. Ṣé àpò tí ọmọ yín bá jù sórí àga lè dí i? Ṣé ẹ lè fúnra yín yọ fílítà rẹ̀ kẹ́ ẹ nu ún, àbí ó di ìgbà tí mẹkáníìkì bá tú àga? Mo ti tú èyí tí irun ajá àti eruku ti dì pọ̀ nínú rẹ̀, tó nípọn tó ìka, tí bátìrì sì ti ń gbóná kọjá ààlà láti ìgbà pípẹ́. Ooru ló ń pa bátìrì. Ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn mọ gbogbo àwọ̀ tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lè yí sí, kò mọ̀ pé ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ ṣí bóòtù, ẹ gbé pátákó ilẹ̀ rẹ̀ sókè. Ṣé sípíà táyà wà níbẹ̀, àbí ìgò gọ́ọ̀mù àti páǹpù kékeré? Plug-in hybrid, èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ iná láti kún bátìrì rẹ̀, ló máa ń burú jù, torí bátìrì rẹ̀ tóbi ju ti hybrid lásán lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jókòó síbì kan. Ẹ gbé ẹrù tí ẹ máa ń gbé dání lọ: àpótí, àga ọmọdé, ohunkóhun tó bá jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tí mo bá lọ, àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń ti ìyá rẹ̀ kiri. Mo ní kó jẹ́ ká gbé e wá, ká fi wọn bóòtù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gbọ́ bí orin ṣe ń dún ná." Orin dún dáadáa. Ó ra ọkọ̀ náà. Lónìí, orí àga ẹ̀yìn ni àga ìyá wà, àwọn ọmọ ń lọ́ra pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ló sì ń pè pé ṣé kò sí bí mo ṣe lè sún bátìrì síwájú díẹ̀.

Ẹ tún wá bátìrì kékeré, 12-volt, kí ẹ tó dìde. Bátìrì ńlá ì báà kún dẹ́nu, tí kékeré yìí bá ti kú, iná READY tó ń sọ pé ọkọ̀ ti ṣe tán láti lọ kò ní tàn, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Nínú àwọn kan, inú bóòtù ló wà, iná ló sì ń ṣí bóòtù. Ẹ bi wọ́n léèrè bí èèyàn ṣe máa wọlé tọ̀ ọ́ nígbà tó bá kú. Wọ́n sábà máa ń so ọkọ̀ àfihàn mọ́ iná kí tiẹ̀ má bàa kú lójú èrò. Ẹ wo ìdí ọkọ̀ náà dáadáa, ẹ lè rí wáyà.

Nọ́ńbà mélòó la dé? Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo. Iye epo tí wọ́n kọ fún plug-in hybrid, wọ́n ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ẹ máa ń fi iná kún bátìrì rẹ̀ déédéé. European Commission, àjọ aláṣẹ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, kó ohun tí ẹ̀rọ inú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ lójú títì jọ. Ìjábọ̀ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024 sọ pé èéfín carbon dioxide wọn tó ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ ohun tó wà nínú ìwé. Epo tó jó ló sì ń di èéfín yẹn. Nítorí náà, ẹ fi páálí tí wọ́n gbé kọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé, "Tí iná bátìrì bá ti tán, báwo ló ṣe ń mu epo sí?"

Tí wọ́n bá gbà kẹ́ ẹ wà á, ẹ má máa ṣe jẹ́jẹ́ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n á ti rí i pé iná kún bátìrì kẹ́ ẹ tó dé; ọkọ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́, inú yín á dùn. Ẹ wá òkè, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa han. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dúró pátápátá. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ iná tó ń gba agbára padà ti máa ń fa iṣẹ́ lé bíréèkì gidi lọ́wọ́. Tí wọn ò bá tíì yanjú rẹ̀, ẹsẹ̀ yín máa mọ̀ ọ́n. Kí ẹnì kan nínú yín jókòó sẹ́yìn, kó máa gbọ́ fáànù.

Tépù ìwọ̀n: ẹ mú un dání.

Owó àsansílẹ̀: bí wọn ò bá tíì kéde iye tí wọ́n máa ta ọkọ̀, kí lẹ ń sanwó lé lórí? Mo mọ ẹni tó sanwó nítorí fìlà tí wọ́n ń pín. Fìlà náà kò bá a lórí mu.

Ẹ má sì béèrè ọ̀rọ̀ bátìrì lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń kà sílẹ̀. Mo bi ọ̀kan pé tí ẹyọ kan nínú bátìrì náà bá bàjẹ́, ṣé a lè pààrọ̀ ẹyọ yẹn, àbí odindi la máa rà. Ó ní ọkọ̀ náà ní àwọ̀ méje. Ẹ ní kí wọ́n pe mẹkáníìkì wọn. Ó máa ń wà nítòsí, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, torí òun ló ń ṣọ́ wáyà iná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó ìbéèrè yín lọ, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá gáráǹtì bátìrì ṣì dúró tí mẹkáníìkì ìta bá tú àga ẹ̀yìn láti nu fílítà.