Gíláàsì tó kó ìmọ́lẹ̀ jọ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà ní yàrá mi ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀. Mo fẹ́ ṣírò bí léésà Cr:ZnSe (kírísítàlì zinc selenide tí wọ́n fi chromium díẹ̀ sí) ṣe lè máa tan ìmọ́lẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, kí ẹyọ kan má ju 50 femtosecond lọ (femtosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá). Mi ò ní kírísítàlì náà lọ́wọ́. Èdè kọ̀ǹpútà Python ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kírísítàlì yìí kì í hàn sójú. Gígùn ìgbì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti bíi 1.9 títí dé 3.3 micrometre (micrometre kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, ó sì jẹ́ 1,000 nanometre). Mo mú 2.4. Níbẹ̀, ìgbì kan ń gba 8 femtosecond, nítorí náà ìgbì mẹ́fà àti díẹ̀ ló wà nínú 50. Kó tó lè kúrú bẹ́ẹ̀, oríṣiríṣi ìgbì gbọ́dọ̀ pé jọ, kí wọ́n fẹ̀ tó 170 nanometre.

Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo àwọn èrò tó ń tẹ̀lé Ọọ̀ni lọ sí Òkè Mògún lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́: wọ́n jọ jáde láàfin ni, ṣùgbọ́n tó bá yá, àwọn kan á ti síwájú, àwọn kan á sì wà lẹ́yìn. Nínú ZnSe, ìgbì gígùn ló ń síwájú. fs² (femtosecond lọ́nà méjì) ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń tú ìgbì ká: bí 50 femtosecond bá pàdé 2,500 fs², yóò jáde ní nǹkan bí 150.

Mo fi gíláàsì silica sí i, ó tún ń gùn sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ka físíìsì wo iṣẹ́ náà, ó ní, “Àbúrò, 36 fs² fún mílímítà kan tó o kọ síbẹ̀ fún silica yìí, ti 800 nanometre ni o. Ṣírò ti 2.4.”

Mo ṣírò rẹ̀. Tí a bá ti kọjá nǹkan bí 1.27 micrometre, àmì iye yẹn fún silica yí padà sí ìyọkúrò (−): ìgbì kúkúrú ló ń síwájú nínú rẹ̀. Àṣé gíláàsì lásán ló máa kó ohun tí kírísítàlì tú ká jọ! Inú mi dùn débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo wá ń fi mílímítà kọ̀ọ̀kan kún nínípọn rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó dọ́gba gan-an. Mo fi ìyọkúrò díẹ̀ sílẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ tó lágbára máa ń yí kírísítàlì fúnra rẹ̀ padà, ìyọkúrò yẹn ló sì ń bá a dọ́gba. Láàárín dígí méjì tó jìnnà síra ní mítà kan àbọ̀, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 100 mílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì gùn mọ́.

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni mo fi ṣe é. Ọ̀rinrin ló kù tí mo fẹ́ fi kún un, torí láti bíi 2.5 micrometre ni omi inú afẹ́fẹ́ ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì gan-an, bẹ́ẹ̀ àsìkò òjò la wà nÍfẹ̀ báyìí.