Tí ara bá gbóná: bẹ́ẹ ṣe lè mọ nǹkan tó ń lọ nínú ara yín kẹ́ẹ tó ra oògùn

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó ń kó wa sí wàhálà, ọ̀rọ̀ náà ni "ibà". Ara ọmọ gbóná, ibà ni. Orí ń fọ́ wa, ẹnu korò, ibà ni. Màláríà tí ẹ̀fọn ń kó bá wa gan-an, ibà náà la tún ń pè é. Kẹ́ẹ tó ṣẹ́jú, ẹnì kan ti dúró níwájú kẹ́míìsì tó ń sọ pé "ẹ bá mi po oògùn ibà", wọ́n á wá kó oògùn bíi mẹ́fà sínú náílọ́ọ̀nù kékeré, funfun, yẹ́lò, pupa-àti-yẹ́lò, wọ́n á ní kó lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, torí náà mi ò wá bú ẹnikẹ́ni o. Mo kàn fẹ́ sọ bí mo ṣe ń rò ó báyìí kí n tó fọwọ́ kan oògùn, torí ara gbígbóná kì í ṣe àìsàn fúnra ẹ̀, ìjà tí ara ń bá àìsàn jà ni, ẹ ò dẹ̀ lè mọ oògùn tó yẹ tẹ́ẹ ò bá mọ ẹni tí ara yín ń bá jà.

Ta ló wọlé?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí tó ń yọ wá lẹ́nu jù, oríṣi mẹ́rin ni. Bakitéríà ló ń fa taifọ́ọ̀dù, kọ́lẹ́rà, ikọ́ ife. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, èéyi, Kòrónà, HIV. Làpálàpá tó wà lórí ọmọ yẹn, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ẹbí olú. Màláríà ní tiẹ̀, paràsáítì ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn tó ń pa ọ̀kan ò ní fọwọ́ kan èkejì, àǹtíbáyọ́tíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, ò lè pa fáírọ́ọ̀sì láéláé, torí náà ẹni tó ń gbé àǹtíbáyọ́tíìkì bí amọ́sílìnì mì nítorí ọ̀fìnkìn, owó ẹ̀ ló ń gbé mì, á tún wá kọ́ bakitéríà tó wà nínú ara ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún oògùn náà.

Kì í dẹ̀ ṣe gbogbo àìsàn ni nǹkan wọlé o. Kò sí kòkòrò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí nínú fòníkú-fọ̀ladìde, inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ni fòníkú-fọ̀ladìde ti wá.

Kí lara ń ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ kí n fi eéwo ṣàlàyé, torí eéwo nìkan ni ìjà tẹ́ẹ lè fi ojú yín wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ mi lọ gẹrun, kílípà ha á díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Awọ ara ni fẹ́ǹsì wa, fẹ́ǹsì ti là nìyẹn. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Staphylococcus, àwọn tó ń ta àgbo lórí rédíò ti fi orúkọ ẹ̀ dẹ́rù bà yín tó, "sítáfù", "sítáfù", bẹ́ẹ̀ imú bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ń gbé láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àmọ́ tó bá rí ibi tó là, á wọlé.

Lọ́jọ́ kejì ibẹ̀ pọ́n, ó wú, ó gbóná, ó ń ro ó. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá pariwo "olè!" ní àdúgbò, gbogbo ọ̀nà á ṣí, àwọn èèyàn á ya dé láti ibi gbogbo, ẹlòmíì mú igi, ẹlòmíì mú òkúta, ìsọ̀ ẹni tí ò mọwọ́mẹsẹ̀ á bàjẹ́ níbẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó wà níbi tó là ló pariwo, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ wá ṣí sílẹ̀ gbayawu kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè ya dé, ìdí tó fi pọ́n tó fi wú nìyẹn. Inú mùdùnmúdùn egungun la ti ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí jáde, ńṣe ni wọ́n ń gbé bakitéríà mì, wọ́n á pa á, ọ̀pọ̀ á kú sídìí ẹ̀. Ọyún funfun tẹ́ẹ ń rí yẹn, òkú wọn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Màmá wa ní kí n mú un wá kí àwọn tẹ̀ ẹ́. Mo ní "ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má tẹ̀ ẹ́", torí tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ lè ti àwọn bakitéríà yẹn wọnú lọ síbi tí ara ti fẹ́ há wọn mọ́. Táwẹ́lì tí mo rì sínú omi gbígbóná (kì í ṣe èyí tó ń hó o) ni mo ń gbé lé e, bí ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ní ọjọ́ karùn-ún ó tú fúnra ẹ̀. Mo tún fọwọ́ kan abẹ́ etí ẹ̀, kókó kan wà níbẹ̀ tó wú bí ẹ̀pà. Màmá ní àìsàn mìíràn tún ti dé. Rárá o, bíi teṣán ọlọ́pàá ni kókó yẹn jẹ́ fún ara, a ní wọn ní ọrùn, ní abẹ́ abíyá, ní ìsàlẹ̀ ikùn lẹ́bàá itan, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó èérún kòkòrò lọ fún àyẹ̀wò, iṣẹ́ ló pọ̀ ní teṣán tó fi wú. Tó bá wú ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin lọ, tàbí tí ò ro yín tó dẹ̀ le bí òkúta, ìyẹn ni kẹ́ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Kí ló dé tí òtútù ń mú mi, ara mi dẹ̀ ń jó bí iná?

Rìmóòtù. Inú ọpọlọ ni rìmóòtù ooru ara wà, orí nǹkan bíi 37 ló máa ń wà. Tí sẹ́ẹ̀lì funfun bá ránṣẹ́ sókè pé ìjà ti le, ọpọlọ á tẹ̀ ẹ́ lọ sí 39, torí kòkòrò púpọ̀ ò fẹ́ràn ooru, sẹ́ẹ̀lì funfun náà dẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yára jù nínú ẹ̀. Àmọ́ 37 lara ṣì wà nígbà yẹn, lójú ọpọlọ òtútù ń pa yín, ó wá ní kí ẹran ara máa gbọ̀n kó lè mú ooru jáde, ẹ̀yin náà á wọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì borí lọ́sàn-án gangan. Tí ìjà bá rọlẹ̀ tàbí tẹ́ẹ bá lo pàrásítámọ̀, ọpọlọ á tẹ rìmóòtù padà sílẹ̀, ara á wá rí i pé òun ti gbóná jù, òógùn á bo yín. Pàrásítámọ̀ ò pa kòkòrò kankan, rìmóòtù ló fọwọ́ kàn. Torí ẹ̀ ni "mo lo pàrásítámọ̀ ó lọ, ó tún padà dé" ò fi yà mí lẹ́nu mọ́.

Màláríà gan-an ńkọ́?

Oòrùn ò lè fún yín ní màláríà. Epo ò lè fún yín. Iṣẹ́ àṣejù náà ò lè fún yín. Abo ẹ̀fọn Anopheles tó ń jẹni lóru ló ń gbé e wá, kó tó pé wákàtí kan paràsáítì yẹn ti sá wọnú ẹ̀dọ̀, á jókòó síbẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára, ọ̀kan á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wọnú sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n á bí sí i níbẹ̀, bíi wákàtí 48 wọ́n á bẹ́ ẹ, wọ́n á tún lọ wọ òmíì. Ìgbà tí wọ́n bá ń bẹ́ ẹ yẹn ni ara máa ń gbóná. Torí náà ẹ̀fọn tó kó o bá yín ti jẹ yín ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mẹ́rìnlá sẹ́yìn, oòrùn àná kàn bá yín lójú ọ̀nà ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ láàbù pè mí wá wo sílàìdì, gíláàsì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ra, lọ́jọ́ kan. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tò rẹpẹtẹ bí owó ẹyọ tí wọ́n da sílẹ̀, mo rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ní kí n wò ó dáadáa. Nínú ọ̀kan, òrùka búlúù tín-ín-rín kan wà, ó ní òkúta pupa kan lórí bí òrùka ìyàwó. Nǹkan tó rẹwà báyẹn ló ń pa ọmọ wẹ́wẹ́, ó ṣe mí bákan.

Ṣé ara mọ ẹni yìí tẹ́lẹ̀?

Ibí ló dùn mọ́ mi jù. Lára sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn kan wà tó dà bíi télọ̀, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ télọ̀, kálukú ò dẹ̀ mọ̀ ju sítáìlì kan ṣoṣo lọ. Ní teṣán yẹn, wọ́n á máa gbé èérún kòkòrò kiri títí wọ́n á fi rí télọ̀ tí sítáìlì ẹ̀ bá a mu wẹ́kú. Ẹni yẹn á wá gba ọmọ iṣẹ́ rẹpẹtẹ, gbogbo wọn á máa rán aṣọ kan náà, aṣọ yẹn ni àǹtíbọ́dì. Wọ́n á máa fi wọ kòkòrò náà bí aṣọ ẹbí, kí àwọn tó ń gbé e mì má bàa ṣi ẹni mú. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ yìí ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ó fi jìyà díẹ̀. Tí ìjà bá parí, ọmọ iṣẹ́ á túká, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ á kù tí wọ́n ṣì ní ìwọ̀n yẹn lọ́wọ́, tí kòkòrò yẹn bá tún dé, wọn ò ní pẹ́ mọ́. Ìdí tí èéyi fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ọ̀fìnkìn ní tiẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa á lé ní 200, ẹ mọ ti àná, ti òní ò ní ìwọ̀n lọ́dọ̀ yín.

Màláríà wá gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Èyí tó burú jù nínú ẹ̀, falciparum, ní bí aṣọ 60 nínú àpótí, bí télọ̀ bá ṣe ń rán ti èyí tó wọ̀ lọ́wọ́ tán, á pààrọ̀. Àwa tó ń gbé Nàìjíríà tí ẹ̀fọn ń jẹ lójoojúmọ́, ara wa ti mọ díẹ̀ nínú aṣọ yẹn, torí ẹ̀ ni kì í fi í dá wa gúnlẹ̀ bó ṣe ń dá ọmọdé, àmọ́ ìmọ̀ yẹn kì í pẹ́ lọ téèyàn bá ti kúrò níbi tí ẹ̀fọn yẹn wà. Àbúrò mi kan ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún 11, ó wá ṣe Détì Dìsẹ́ńbà, mo ní ṣó ti ń lo oògùn tó ń dènà màláríà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú lòún ní. Ọjọ́ kẹwàá tó padà débẹ̀ ló dá a gúnlẹ̀, ó rò pé ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ni, ìyàwó ẹ̀ ló sáré gbé e lọ sọ́sípítù. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà lókè òkun, ẹ lo oògùn yẹn kẹ́ẹ tó wá, tí ara yín bá dẹ̀ gbóná lẹ́yìn tẹ́ẹ padà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ẹ máa sọ fún dókítà ni "Nàìjíríà ni mo ti ń bọ̀".

Téèsì wo lẹ ṣe?

Wídà tí wọ́n fi ń yẹ taifọ́ọ̀dù wò, kì í wá bakitéríà o, àǹtíbọ́dì ló ń wá. Aṣọ ló ń kà, kì í ṣe olè. Aṣọ yẹn lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá, ti abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ gbà, màláríà pàápàá lè dà á rú, torí náà "ìdajì màláríà, ìdajì taifọ́ọ̀dù" tí wọ́n máa ń kọ fún wa níbi gbogbo yẹn, mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbìn ní láàbù ló ń fi bakitéríà fúnra ẹ̀ hàn. Téèsì màláríà tí wọ́n ń gún ọmọ ìka fún, èérún paràsáítì ló ń wá ní tiẹ̀, ó dáa, àmọ́ èérún yẹn ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tẹ́ẹ ti lo oògùn tán, ẹ má torí ìlà méjì sáré lọ tún oògùn lò nígbà tára yín ti yá.

Àjẹsára

Ìwọ̀n ni wọ́n gbé lọ bá télọ̀ kí olè tó dé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí ara ọmọ fi ń gbóná lálẹ́ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn, télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti èéyi, oṣù mẹ́sàn-án ni, wọ́n á tún un gbà ní oṣù 15, ẹ má fo ìkejì yẹn. Olóde tí àwọn àgbà ò jẹ́ pe orúkọ ẹ̀, ṣọ̀pọ̀ná, àjẹsára ló lé e kúrò láyé, ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé ó ti tán pátápátá. Ti màláríà náà ti dé, ìparí 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní Kebbi àti Bayelsa.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ lálẹ́ òní

Ẹ ra tẹmómítà, ọwọ́ tẹ́ẹ fi kan iwájú orí ò mọ dígírì. Láti 38 lọ sókè la tó lè sọ pé ara gbóná. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta tó bá kan 38, ọsípítù lẹsẹ̀kẹsẹ̀, kò sí "ká wò ó di àárọ̀". Bákan náà tí gìrì bá mú ọmọ, tí ò lè mumi tàbí mu ọmú, tó ń sùn ṣáá tí ẹ ò lè jí i, tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi kóòkì, tí inú ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ funfun. Tí kò bá sí ìkankan nínú wọ̀nyẹn, pàrásítámọ̀ ní ìwọ̀n kílò ẹ̀, omi dáadáa, aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ má fi omi yìnyín wẹ̀ ẹ́. Téèsì láàárọ̀. Tó bá jẹ́ màláríà, Coartem tàbí irú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìkejì lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, ìyókù láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ jẹ nǹkan tó lọ́ràá sí i kó lè wọ ara dáadáa, kẹ́ẹ dẹ̀ lò ó tán kódà tára bá yá lọ́jọ́ kejì.

Èmi máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: aago mélòó, dígírì mélòó, oògùn wo. Tí dókítà bá wá bi yín pé "látìgbà wo?", ẹ ò ní máa wo ojú ọkọ yín.