Bí ẹ ṣe máa dá irọ́ mọ̀ nínú ìwé ẹ̀yáwó ilé kó tó di wàhálà yín

"Èló ló ń wọlé fún yín lóṣù, mà?" Ìbéèrè tí mo bi obìnrin náà lórí fóònù nìyẹn. Aránṣọ ni, ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní, ó sì mọ owó tó ń wọlé fún un bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iye tó sọ kò ju ìdajì ohun tó wà ní ojú ewé kẹta fọ́ọ̀mù tó wà níwájú mi lọ. Mo ka ti inú fọ́ọ̀mù fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Èmi kọ́ ni mo kọ ìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Alárinà tó ń bá a wá owó ilé ló kọ ọ́. Ó ti ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ buwọ́ lu ìwé lófìfo, pé òun á bá a kọ ìyókù. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé obìnrin náà ló wà nísàlẹ̀, lábẹ́ gbólóhùn tó ní òtítọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú òfin, ẹni tó buwọ́ lù ú ni wọ́n máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ yíyẹ ìwé ẹ̀yáwó ilé wò. Mo rí gbájú-ẹ̀ paraku níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò pọ̀. Ẹni tó pọ̀ ni ẹni tó ń wá ilé lójú méjèèjì, tí ẹlòmíràn kọ irọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀, tàbí tí wọ́n sọ fún pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn ni mo ń kọ èyí fún, àti ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí tábìlì tí mo kúrò. Ohun tí ojú wa ń rí nínú ìwé wọ̀nyẹn, kò sí èyí tí ẹ̀yin náà ò lè rí kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ibi tí irọ́ máa ń gbà wọlé

Owó oṣù ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń rò. Wọ́n á bù mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n ní ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbèsè tí wọn ò dárúkọ tẹ̀ lé e: owó ọkọ̀ tí a ṣì ń san, ẹ̀yáwó ọ̀rẹ́ tí a ṣe onídùúró fún. Irọ́ sì wà lórí iye tí ilé tó, tí ẹni tó ń díye lé ilé bá fẹ́ tẹ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un lọ́rùn.

Àwọn méjì kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí irọ́ rárá, ìdí nìyẹn tí màá fi dúró lórí wọn.

Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè pé ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé ilé náà. Ẹni tó fẹ́ fi í háyà á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, torí pé èlé orí ilé tí ẹni tó ni ín ń gbé máa ń kéré sí ti ilé tí wọ́n fẹ́ máa gba owó lórí rẹ̀. Ìdí wà fún un. Bí nǹkan bá le, òrùlé tó bo òun àtọmọ rẹ̀ ni èèyàn máa ń jọ̀wọ́ kẹ́yìn. Ilé ayálégbé lèèyàn máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Nítorí náà, ewu tí báńkì rò pé òun gbà kọ́ ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ibẹ̀ lóòótọ́, tí iṣẹ́ wá gbé yín lọ síbòmíràn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tó wà lọ́kàn yín lọ́jọ́ tí ẹ buwọ́ lùwé ni wọ́n ń bèèrè.

Èkejì ni owó tí ẹ máa kó kalẹ̀ fúnra yín. Báńkì á fẹ́ mọ ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí ló fún yín, wọ́n á ní kó buwọ́ lu ìwé ẹ̀bùn pé òun ò ní gbà á padà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní yàrá pé, "Buwọ́ lù ú jàre, màá máa san án fún ẹ díẹ̀díẹ̀." Owó tí ẹ máa dá padà, gbèsè ni, orúkọ yòówù kó wà lórí ìwé.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọdún kejì tí mo débi iṣẹ́, ìwé tọkọtaya kan dé ọwọ́ mi. Owó ńlá kan wọ àkáǹtì wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó kọ̀wé wá. Mo rí i. Ìparí oṣù ti súnmọ́, iye ìwé tí wọ́n ní kí n parí kò tíì pé, n kò sì bèèrè ohunkóhun. Owó èlé gọbọi ni wọ́n lọ yá níbòmíràn. Gbèsè méjì ni wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ẹni tó mọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, ìwé wọn padà sórí tábìlì mi, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú lẹ́tà pé báńkì ti gba ilé náà lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kan péré ni mi ò bi wọ́n. Títí di òní ni mo ń ronú nípa rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ìwé kan ṣoṣo lè parọ́ kó mọ́ lójú. Ìgbà tí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì ni ọ̀rọ̀ kò ní bára mu mọ́. Ẹ wá tábìlì tó fẹ̀, kí ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé owó oṣù. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, iye ti oṣù náà wà níbẹ̀, àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà sì wà níbẹ̀. Bí owó oṣù kò bá yí padà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye oṣù tó ti kọjá, kí ẹ wò ó bóyá ó bá àpapọ̀ náà mu. Ẹni tó ń yí ìwé padà máa ń rántí nọ́ńbà òkè, ó máa ń gbàgbé tìsàlẹ̀. Ẹ wo owó orí tí wọ́n yọ pẹ̀lú. Bí owó oṣù bá ga tí owó orí sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àkọsílẹ̀ báńkì. Ṣé iye tó wọlé níbẹ̀ bá ti ìwé owó oṣù mu, ọjọ́ ńkọ́? Ẹ wá mú bírò, kí ẹ máa ro ó ní ìlà kọ̀ọ̀kan: iye tó kù, ẹ yọ èyí tó jáde, ẹ fi èyí tó wọlé kún un, ṣé iye tó wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e lẹ débẹ̀? Iṣẹ́ tó ń súni ni. Òun náà ló tú àṣírí ìwé aránṣọ yẹn, torí láti ìlà kejìlá ni ìṣirò náà ti wọ́, kò sì tún tọ́ mọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà báńkì kì í ṣì í rò. Bí ìyọkúrò bá kọ̀ tí kò pé, èèyàn ló kọ ọ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké míì: nọ́ńbà kan tó sanra ju àwọn tó yí i ká lọ, tàbí tí kò tò tààrà pẹ̀lú wọn. Fáìlì tí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é jẹ́ àná, nígbà tí ìwé inú rẹ̀ jẹ́ ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù díẹ̀, tí iye rẹ̀ ń lọ sókè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọra.

Nọ́ńbà fóònù ibi iṣẹ́ náà ńkọ́? Mo pe ọ̀kan rí, ẹni tó gbé e kò dárúkọ iléeṣẹ́ kankan, àfi "Hẹ́lóò, ta nìyẹn?" Mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn, nọ́ńbà kan náà ló wà níbi tí wọ́n kọ àbúrò ẹni tó ń yáwó sí.

Ohun tí ẹni tó ń yáwó máa ṣe

Ẹ má buwọ́ lu ojú ewé tó ní àlàfo. Bí ibì kan kò bá kàn yín, ẹ fa igi sí i. Ẹ gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí báńkì gan-an, kì í ṣe ẹ̀dà èyí tí ẹ kọ níjọ́sí, torí pé láàárín méjèèjì ni wọ́n ti ń yí nǹkan padà. Ẹ wá fi ìwé yín yẹ̀ ẹ́ wò: owó oṣù, iṣẹ́, gbèsè, ẹni tó máa gbé ilé, ibi tí owó ti wá.

Bí alárinà bá sọ pé "báńkì ò ní wò ó", ẹ dìde. Báńkì ń wò ó. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní 4506-C, tí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, ayánilówó lè béèrè àkọsílẹ̀ owó orí yín tààrà lọ́wọ́ ìjọba. Níbẹ̀ náà, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún báńkì torí ẹ̀yáwó lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 30 jura, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin jìbìtì ọdún 2006 fàyè gba ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 10.

Mo mọ̀ pé ìgbà kan wà tí wọn ò wò ó lóòótọ́. Kí ọ̀rọ̀ owó ilé tó dojú rú ní Amẹ́ríkà, irú ẹ̀yáwó kan wà tó jẹ́ pé ẹnu lásán lèèyàn fi ń sọ iye tó ń wọlé fún un, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹ̀rí. Orúkọ tí àwọn èèyàn wá ń pè é ni ẹ̀yáwó òpùrọ́. Iye ẹ̀yáwó tí alárinà bá rí ṣe ló ń pinnu owó tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kọ iye tó wù wọ́n sí fọ́ọ̀mù. Nígbà tí iye ilé bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ẹni tí kò lágbára àtisan kò tún rí ilé tà kó fi san gbèsè. Lehman Brothers, báńkì ńlá kan níbẹ̀ tó ti kówó sórí ẹ̀yáwó ilé, wó ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Lẹ́yìn náà ni òfin Dodd-Frank ti ọdún 2010 sọ ọ́ di dandan kí ayánilówó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni náà lè san án, ìlànà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2014. Alárinà ti gba owó tirẹ̀ lọ kí ilé tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Bí ẹ bá rí irọ́ nínú ìwé yín kí owó tó jáde, ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ojú ewé, ohun tó wà níbẹ̀, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà. Ìpè fóònù nìkan kò tó. Ẹ fi ẹjọ́ alárinà náà sun àjọ tó fún un níwèé àṣẹ. Ohun tí aránṣọ yẹn ṣe nìyẹn. Ó fa ìwé àkọ́kọ́ yọ, ó fi owó rẹ̀ gan-an kọ òmíràn, iye tí wọ́n fọwọ́ sí kéré, ó sì lé ní ọdún kan kó tó rí ilé tó bá a mu.

Ẹni tó bá ní kí ẹ fi orúkọ yín ra ilé fún òun, ẹ sọ pé rárá, bó ti wù kó súnmọ́ yín tó. Gbèsè yín ni yóò jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ìwé wò

Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ẹ béèrè ìbéèrè tó ṣí sílẹ̀, bíi èyí tí mo bi aránṣọ, kí ẹ sì fún un láyè láti ṣàlàyé. Àṣìkọ wà, iṣẹ́ kejì tí kò kọ sílẹ̀ wà. Ẹ wá nọ́ńbà ibi iṣẹ́ fúnra yín, ẹ má pe èyí tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. Ẹ kọ "ìlà kejìlá kò pé", ẹ má kọ "ìwé ayédèrú". Bó bá wá di ohun tí ẹ ní láti fà lé àwọn tó ń tọpinpin jìbìtì lọ́wọ́, ẹ má ṣe sọ fún ẹni náà pé ẹ ti fà á lé wọn lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò gbà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ìparí oṣù bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí owó bá ti jáde ńkọ́?

Ẹ wá lọ́yà kí ẹ tó bá báńkì sọ ohunkóhun, ẹ sì kó gbogbo ìwé lọ fún un, títí kan àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ̀yin àti alárinà fi ránṣẹ́ síra yín. Ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́. Ẹ má kọ ìwé tuntun láti fi bo ti àtijọ́, torí pé irọ́ kejì ni wọn ò ní gbà gbọ́ pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Owó oṣooṣù náà ńkọ́, ẹ máa san án bí agbára yín bá ká a, ní ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ máa gba rìsíìtì.