Bí ẹ ṣe lè jẹun nínú California Zephyr láìpàdánù òkè

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin California Zephyr láti Chicago lọ sí Emeryville ní California, ẹ má fi aago jẹun, òkè ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó mú àsìkò oúnjẹ. Ìrìn àjò náà lé ní 2,400 máìlì, ó sì ju ọjọ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n ibi méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn torí rẹ̀ wọ ọkọ̀: Òkè Rocky ní Colorado, àti Sierra Nevada nígbà tí ìrìn àjò bá ń parí lọ. Oúnjẹ àríyá ni mo ń sè jẹun ní Chicago, ọkọ̀ yìí ni mo sì máa ń wọ̀ lọ kí ọmọ mi ní Sacramento. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó dorí kọ àwo nígbà tí Àfonífojì Glenwood ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹni tó gba yàrá, ìbáà jẹ́ Roomette kékeré tàbí Bedroom ńlá, ti sanwó oúnjẹ mọ́ ọn: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́, àti ife ọtí kan pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Ẹni tó ra ìjókòó lásán lè jẹun ní yàrá ìjẹun tí àyè bá wà, àmọ́ yóò sanwó. Bí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, káfẹ́ wà nísàlẹ̀ kóòṣì tí wọ́n ń pè ní Sightseer Lounge, níbi tí wọ́n ti ń ta sáńdíwíìṣì, kọfí àti ìpanu.

Ní ti oúnjẹ àárọ̀, ẹ kò ní mú àsìkò: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún. Ti ọ̀sán àti alẹ́ yàtọ̀: òṣìṣẹ́ kan á rìn yíká àwọn kóòṣì, á bi yín ní aago tí ẹ fẹ́. Ẹ ti mọ èsì yín kó tó dé.

Ọ̀sán ni ọkọ̀ ń kúrò ní Chicago, òru ló ń gba Nebraska kọjá, òwúrọ̀ ló sì ń dé Denver. Ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ yín tán kí ẹ tó dé Denver. Tí ọkọ̀ bá fi máa kúrò níbẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà ní Sightseer Lounge, tí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ títí dé òrùlé. Kò sẹ́ni tó ń fi àyè pamọ́ fún yín níbẹ̀. Ọkọ̀ á máa gun òkè, á máa wọ inú ihò kan bọ́ sí òmíràn, títí yóò fi dé Moffat Tunnel, tí wọ́n ṣí ní 1928. Máìlì mẹ́fà ó lé díẹ̀ ni gígùn rẹ̀, ó sì fi ohun tó ju 9,200 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Nínú ihò yìí, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rìn láti kóòṣì kan sí èkejì, kí èéfín ẹ́ńjìnnì má baà wọlé. Nítorí náà, ẹ lọ ra kọfí yín ṣáájú. Ẹ sì máa mu omi dáadáa níbi gíga bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yìí ló gba ọgbọ́n jù. Ẹ rí i pé ẹ jẹ ẹ́ tán kí ọkọ̀ tó dé Dotsero, nítorí ibẹ̀ ni Àfonífojì Glenwood ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Odò Colorado nísàlẹ̀ àti ògiri òkúta tí ẹ kò ní rí òkè rẹ̀ àfi tí ẹ bá gbé orí sókè. Ọkọ̀ yìí máa ń pẹ́ nígbà mìíràn, nítorí ojú irin tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lòun náà ń gbà. Ẹ bi kọ̀ndọ́kítọ̀ léèrè ibi tí ẹ máa wà tó bá di aago méjìlá kí ẹ tó mú àsìkò. Ní ti alẹ́, èmi máa ń mú àsìkò àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìlú Grand Junction ni Ruby Canyon wà, àfonífojì olókùúta pupa kan ní ààlà Colorado àti Utah. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ta sí àwọn òkúta pupa yẹn, inú yàrá ìjẹun gan-an ló dára kí ẹ wà, nítorí fèrèsé ńlá wà lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ kò ní yan tábìlì fúnra yín. Èèyàn mẹ́rin ló ń jókòó sí ọ̀kan, ẹ sì lè bá àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí jókòó. Ẹ kí wọn, ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ. Ilé ìdáná wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń gbé àwo gòkè. Ẹni tó bá mọ ohun tó jẹ́ láti dúró ti iná nínú ilé tó ń mì á mọyì àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde lórí tábìlì láìfi tíìpù sílẹ̀. Oúnjẹ ni tíkẹ́ẹ̀tì yín san, kò san tíìpù ẹni tó gbé e wá. Láti ìgbà tí Pullman, tó ń ṣe kóòṣì ọkọ̀ ojú irin, ti ṣe Delmonico, kóòṣì ìjẹun rẹ̀ àkọ́kọ́, ní 1868, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé àwo nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tíìpù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ń bọ́ ọmọ.

Ẹ lè gbé oúnjẹ tiyín wá, ṣùgbọ́n wọn kò ní bá yín gbé e kaná, wọn kò sì ní bá yín fi í sínú fíríìjì. Jọ̀lọ́ọ̀fù inú fúláàsì dára fún alẹ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn nǹkan gbígbẹ ni: ìpékeré, ẹ̀pà, chin-chin, ẹran dídín tó gbẹ dáadáa. Gaàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú omi tútù kò ní dójú tì yín. Ẹ fi ọbẹ̀ onírú sílẹ̀ nílé, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo yín ń mí nínú kóòṣì. Ọtí tí ẹ bá gbé wá, inú yàrá yín nìkan lẹ ti lè mu ún.

Ní òwúrọ̀ tó kẹ́yìn, ẹ jẹun kí ẹ tó dé Reno, ìlú kan ní Nevada, kí Sierra má baà bá yín nídìí àwo. Bí Sacramento bá ni ẹ ń bọ́ sílẹ̀ bíi tèmi, ẹ di ẹrù yín kí ẹ tó lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ sì tètè lọ, torí oúnjẹ tó wù yín lè ti tán.